Ruqoyah Wá Ẹ̀gbọ́n Rẹ̀ Dé Roppongi

Èmi àti Ruqoyah jọ ń jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà ní ilé ìwé girama ní Kétu, ní ọdún tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, Muideen, wọ bàálù lọ sí Jàpáànù. Fún odidi ọ̀sẹ̀ méjì, kò sí ọ̀rọ̀ míì lẹ́nu rẹ̀. Ó ní Muideen máa fi fóònù ránṣẹ́ sí òun. Ó ní ojú títì ibẹ̀ mọ́ débi pé èèyàn lè jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ kó jẹun. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni wá nígbà náà, a sì gbà á gbọ́.

Àwọn méjì péré ni ìyá wọn bí. Bàbá wọn kú nígbà tí Ruqoyah ṣì ń rá kòrò. Àlùbọ́sà ni ìyá wọn ń tà ní Mile 12, lódindi àpò, àwọn awakọ̀ tó ń kó ọjà bọ̀ láti Sókótó ò sì mọ orúkọ tí wọ́n sọ wọ́n. Ìyá Muideen ni gbogbo ọjà ń pè wọ́n. Ilé wọn ní Ìkòsí ò jìnnà sí tiwa.

Muideen ń pè dáadáa ní ọdún méjì àkọ́kọ́. Ó ní ilé iṣẹ́ kan tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ àlòkù lòun wà. Nígbà tó yá, ìpè di ẹ̀ẹ̀kan lóṣù, ó di ọjọ́ ọdún Iléyá nìkan, lẹ́yìn náà nọ́ńbà rẹ̀ ò lọ mọ́. Láti ìgbà yẹn, ẹnikẹ́ni tó bá ní òun ń lọ sókè òkun, ì báà jẹ́ Kánádà, ì báà jẹ́ Dúbáì, Ìyá Muideen á fún un ní fọ́tò pélébé kan. "Ẹ bá mi wò ó o. Ó ní àpá kékeré létí ojú òsì." Àwọn èèyàn á gba fọ́tò náà, wọn á sì ṣe àmín. Ta ló fẹ́ sọ fún ìyá pé Kánádà àti Jàpáànù kì í ṣe àdúgbò kan náà?

Ọdún kẹsàn-án lẹ́yìn tí Muideen lọ, Ruqoyah náà rí ọ̀nà. Ó ti parí ìwé, ó ti ṣe akọ̀wé níbì kan ní Mende, iṣẹ́ náà ò gbé e débì kankan. Ó gbọ́ pé ilé ẹ̀kọ́ èdè kan ní Tókíyò ń gba àwọn ọmọ Áfíríkà. Ó rò pé ìyá òun ò ní gbà, nítorí òun nìkan ló kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ìyá gbà kíá. Àwọn gan-an ló bá a di báàgì. Wọ́n fi ọ̀rá ata gbígbẹ lílọ̀ kan sí i, wọ́n ní ti Muideen ni.

"Mọ́mì, Tókíyò tóbi o. Wọ́n ní ó ju Èkó lọ."

"Kò sí bó ṣe lè tóbi tó. Èèyàn dúdú mélòó ló wà níbẹ̀?"

"Mọ́mì, ìwé ni mò ń lọ kà."

Ìyá fa síìpù báàgì náà títí ó fi pa dé. "Ìwọ ń lọ kàwé. Èmi ń rán ẹ lọ wá ẹ̀gbọ́n ẹ."

Nígbà tí Ruqoyah dé ọ̀hún, ìlú kékeré kan lẹ́yìn Tókíyò ló ń gbé, òun àti Cecilia, ọmọ Gánà kan, nínú yàrá kan ṣoṣo. Láàárọ̀, ó ń kọ́ èdè. Lọ́sàn-án, àwọn méjèèjì ń lọ sí ilé iṣẹ́ kan tí wọ́n ti ń di oúnjẹ sínú páálí, wọn á dúró síwájú ẹ̀rọ, wọn á máa to ẹja lé ìrẹsì, ẹja lé ìrẹsì, títí ọwọ́ wọn á fi kú. Ó bèèrè Muideen ní mọ́sálásí. Ó bèèrè rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta gàrí. Odidi ọdún kan kọjá, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Cecilia ló sọ fún un lọ́jọ́ kan nígbà tí wọ́n ń wọ aṣọ iṣẹ́. Ó ní, "Mi ò fẹ́ sọ ọ́ fún ẹ tẹ́lẹ̀. Ọkùnrin dúdú tí ìlú yìí bá ti jẹ tán, Roppongi, àdúgbò àwọn ilé ọtí ní Tókíyò, ló máa ń wà. Lọ wo ibẹ̀. Lálẹ́ ni kó o lọ o, ibẹ̀ kì í jí lọ́sàn-án."

Ó lọ ní alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ kan nínú oṣù kọkànlá. Ó ní bí òun ṣe gòkè láti abẹ́ ilẹ̀ níbi tí rélùwéè ń gbà, bíríìjì gàgàrà kan ló bo ojú ọ̀run mọ́ òun lórí, iná àwọ̀ oríṣiríṣi sì ń ṣẹ́jú lára gbogbo ilé. Ìlú tí èèyàn kì í ti í gbóhùn sókè nínú ọkọ̀ ló ti ń bọ̀. Níbí, gbogbo èèyàn ló ń pariwo. Àwọn oyìnbó tó ti mu yó dì mọ́ ara wọn lọ́rùn. Àwọn ọmọbìnrin ibẹ̀ di bàtà wọn mú lọ́wọ́, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ lásán rìn nínú òtútù. Ọkùnrin kan tó wọ kóòtù iṣẹ́ sùn sílẹ̀ síwájú báǹkì, àwọn èèyàn ń dá a kọjá. Gbohùngbohùn kan wà lókè tó ń fi gẹ̀ẹ́sì kìlọ̀, léraléra, pé kí àlejò má tẹ̀lé ẹni tó bá ń pè é lójú ọ̀nà.

Àwọn tó ń pe èèyàn náà sì nìyí. Ní gbogbo ẹsẹ̀ bàtà mélòó kan, ọkùnrin dúdú kan wà nínú kóòtù dúdú, ìwé pélébé lọ́wọ́, tó ń di ọ̀nà mọ́ oyìnbó: ẹ wọlé, ọ̀fẹ́ ni ìgò àkọ́kọ́, àwọn ọmọge wà. Ruqoyah wọ híjáàbù rẹ̀. Ó ní bí òun bá ti dé ọ̀dọ̀ wọn, ṣe ni wọ́n ń yà fún òun, tí wọ́n á wojú ilẹ̀, bí ẹni pé ìyá wọn ló ń kọjá.

Ọ̀kan nínú wọn gbọ́ nígbà tó ń fi Yorùbá gbàdúrà lábẹ́ ẹnu. Ó ń jẹ́ Bámi, ọmọ Ọjọ́ta ni.

"Aunty mi, kí lẹ wá ṣe níbí? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ máa lọ sílé."

"Mò ń wá ẹ̀gbọ́n mi. Muideen ló ń jẹ́."

"Kò sí Muideen níbí. Mike wà, Tony wà, Prince wà." Ruqoyah fi fọ́tò hàn án. Bámi wò ó títí, ó sì mí kanlẹ̀. "Mike Atlanta nìyẹn. Òkè lọ́hùn-ún ló ń dúró sí."

Kó tó rí i, ohùn rẹ̀ ló kọ́kọ́ gbọ́. Ẹ̀rín ni, ẹ̀rín gbàràmù kan tí Muideen tó mọ̀ kì í rín. Ó ń bá àwọn ọmọ oyìnbó mẹ́rin sọ gẹ̀ẹ́sì imú bíi ti inú fíìmù. Ó ti rù. Eyín iwájú rẹ̀ méjì ò sí mọ́. Ṣùgbọ́n àpá wà létí ojú òsì.

"Bọ̀ọ̀dá Muideen."

Ó yíjú. Ó wò ó láti orí dé ẹsẹ̀. Ó fi gẹ̀ẹ́sì yẹn dá a lóhùn pé kì í ṣe òun ló ń wá, pé Amẹ́ríkà lòun ti wá, kó má bínú.

"Bọ̀ọ̀dá, èmi ni. Ruqo ni."

Muideen da ọwọ́ bo àwọn oyìnbó rẹ̀ léjìká, ó rín ẹ̀rín yẹn, ó sì kó wọn wọ inú lífítì. Ilẹ̀kùn pa dé mọ́ ọmọ ìyá rẹ̀ lójú.

Rélùwéè tó kẹ́yìn ti lọ. Ruqoyah jókòó síwájú ṣọ́ọ̀bù kan tó ti tì, ó ká ẹsẹ̀ mọ́ra. Àwọn ọ̀mùtí ń kọjá, àwọn kan ń bá a sọ̀rọ̀ tí kò yé e. Ó sọ fún mi pé lóru ọjọ́ yẹn, òun bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ pé ojú òun ló tàn òun, kó jẹ́ pé ọmọ Amẹ́ríkà ni lóòótọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ ń mọ́, ẹnìkan na agolo tíì gbígbóná sí i. Muideen ni. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kò sì wo ojú rẹ̀.

"Ta ló ní kó o wá sí Jàpáànù?" Yorùbá rẹ̀ ti ń kọsẹ̀.

"Mọ́mì ni."

Lẹ́yìn náà ló wá sọ ọ́, bí ẹni ń ka ọ̀rọ̀ ẹlòmíì. Iṣẹ́ ẹ̀yà ara ọkọ̀ ò pé ọdún mẹ́ta. Ó fẹ́ obìnrin ibẹ̀ kan, ìyẹn bí ọmọbìnrin kan fún un. Obìnrin náà kọ̀ ọ́ sílẹ̀, ó kó lọ pẹ̀lú ọmọ, kò sọ ibi tó lọ. Físà tó wà lórí ìgbéyàwó náà kú. Láti ìgbà yẹn, kò ní ilé. Ó ń sùn lọ́sàn-án ní ilé kọ̀ǹpútà kan tí wọ́n ti ń háyà àga fún èèyàn. Lálẹ́, ó ń di Mike.

"Ṣé ẹ ò lè jẹ́ Muideen, kẹ́ ẹ tún máa ṣe iṣẹ́ náà?"

"Kò sẹ́ni tó ń tẹ̀lé ọmọ Nàìjíríà wọlé, Ruqo. Ọmọ Amẹ́ríkà ni wọ́n ń tẹ̀lé."

Ruqoyah yọ ọ̀rá ata náà jáde nínú báàgì, ó ní Mọ́mì ló fi rán òun. Muideen tú u, ó gbóòórùn rẹ̀. Ó tún un dì, ó dá a padà. "Níbo ni mo ti fẹ́ sè é?" Ó dìde. "Sọ fún wọn pé o ò rí mi."

Ruqoyah ò sọ fún ìyá. Ó ń padà lọ ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀. Ó ń gbé ìrẹsì lọ nínú páálí ilé iṣẹ́, Muideen á jẹ ẹ́ ní ìdúró lẹ́yìn ẹ̀rọ tó ń ta ohun mímu. Díẹ̀díẹ̀, ó mọ àdúgbò náà bí ẹni mọ Ìkòsí. Ó mọ òpópónà tí àwọn ọmọ Nàìjíríà ń dúró sí àti èyí tí kì í ṣe tiwọn. Ó mọ ilé ìjẹun tí àwọn ọmọge kíláàbù ti ń bọ́ bàtà wọn lẹ́yìn iṣẹ́, tí wọ́n á máa sunkún jẹ nǹkan. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀ tó pọ̀, Muideen gbà kó ká ohùn òun sílẹ̀ lórí Wásáàpù. Ó dúró sẹ́yìn ògiri, ó ṣe ohùn rẹ̀ le. "Mọ́mì, èmi nìyí, Muideen. Ara mi le. Iṣẹ́ ló ń dí mi lọ́wọ́. Ẹ má bínú sí mi." Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ruqoyah fi ránṣẹ́ sílé. Mo wà ní Ìkòsí lọ́jọ́ yẹn. Ìyá Muideen jáde sí ojúlé láìborí, wọ́n ń pe gbogbo wa kí á wá gbọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀ tó tẹ̀ lé e ni nǹkan bàjẹ́. Ruqoyah dé, ó rí ọmọ oyìnbó kan tí wọ́n gbé jáde láti inú lífítì, wọ́n tẹ́ ẹ síta. Kò ju ọmọ ogún ọdún lọ. Kò ní bàtà lẹ́sẹ̀, àpò ṣòkòtò rẹ̀ ti tú síta, ojú rẹ̀ funfun báláú, itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀. Kì í ṣe ọtí lásán ló ṣe é bẹ́ẹ̀. Bámi ń fi ìka tẹ ọrùn rẹ̀ bóyá ó ṣì ń mí. Muideen dúró lọ́ọ̀ọ́kán.

"Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ̀yin lẹ mú un wọlé?"

Ó ń to àwọn ìwé pélébé ọwọ́ rẹ̀ jọ.

"Ṣé ẹ mọ ohun tí wọ́n ń fi sínú ọtí fún wọn?"

"Èmi kì í débi tábìlì. Ẹnu ọ̀nà ni tèmi mọ."

"Ọmọ ẹnìkan ni o. Ìyá tiẹ̀ náà wà níbì kan."

Muideen wá bínú. Ó ní kó kó ìrẹsì rẹ̀ kó máa lọ, òun ò ránṣẹ́ pè é, òun ò ní kó wá máa ṣe Àlùfáà fún òun. Ruqoyah gbé páálí náà sílẹ̀ lórí ilẹ̀, ó sì lọ. Ó sọ ọ́ lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun ò ní padà mọ́ àyàfi tí òun bá rí i pé ó wá òun wá.

Oṣù kan àti ọjọ́ díẹ̀ ló fi dúró. Òtútù ti mú gan-an nígbà tí ọkàn rẹ̀ ò gbà á mọ́. Ó gòkè láti abẹ́ ilẹ̀, ó lọ tààrà sí ibi tí Muideen ń dúró sí. Ẹlòmíì ló wà níbẹ̀. Ó wá Bámi rí.

"Aunty, a ò rí i láti bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Òun àti ọ̀gá ibẹ̀ jà. Àwọn kan ní ó ti lọ sí Ọ̀sákà. Àwọn kan ní àwọn ìmígírésọ̀n ló gbé e. Ó ń wúkọ́ kó tó lọ. Ó wúkọ́ gan-an. Ó bèèrè yín lọ́wọ́ mi, ó ní ṣé ẹ ò tíì wá."

Àgọ́ ọlọ́pàá kékeré kan wà ní oríta níbẹ̀. Ruqoyah lọ dúró síwájú rẹ̀. Ọlọ́pàá méjì wà nínú, wọ́n ń mú àwọn tó sọnù mọ̀nà. Ó ti to ọ̀rọ̀ rẹ̀ jọ ní èdè wọn. Ṣùgbọ́n bí Muideen ò bá sí lọ́wọ́ wọn, orúkọ tó bá dá fún wọn ni wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀ sí í wá a, nítorí kò ní físà. Bó bá wà lọ́wọ́ wọn, wọn ò ní sọ fún un. Ọlọ́pàá kan jáde, ó tẹrí ba, ó bi í bóyá ó ṣìnà. Ó ní bẹ́ẹ̀ ni. Ọkùnrin náà fi ọ̀nà rélùwéè hàn án, Ruqoyah sì gbà á lọ.

Kò rí Muideen mọ́. Ó wá a ní gbogbo alẹ́ ọjọ́ Jímọ̀ títí ìwé rẹ̀ fi parí, tí físà tirẹ̀ náà sì parí.

Nígbà tó padà dé Èkó, mo bá ìyá rẹ̀ lọ sí pápákọ̀ òfuurufú. Kó tó jókòó dáadáa nínú ọkọ̀, ìyá ti bi í: "Ẹ̀gbọ́n ẹ ńkọ́?"

"Ó wà dáadáa, Mọ́mì. Iṣẹ́ pọ̀ fún un ni."

Irọ́ náà ò dúró lójú kan. Ìyá ti ń gbé ohùn Muideen kiri Mile 12, àwọn àgbà àti ọmọdé ló ti gbọ́ ọ. Wọ́n ní ọmọ tí iṣẹ́ dí lọ́wọ́ báyẹn, ìyàwó ló kù ú kù. Bàbá kan tó ń ta ata lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, Àlàájì Kàmọ́rù, ní ọmọbìnrin kan, Ajarat, ọmọ ọdún mọ́kànlélógún tó ń rán aṣọ. Àwọn òbí méjèèjì fohùn ṣọ̀kan: wọ́n á so yìgì ní Ìkòsí láìsí ọkọ níbẹ̀, ìyàwó á sì lọ bá a tó bá yá. Ìyá ní kí Ruqoyah bèèrè lọ́wọ́ Muideen bóyá ó fara mọ́ ọn. Ruqoyah ń sọ pé èsì ń bọ̀, èsì ń bọ̀. Wọ́n dá ọjọ́.

Ajarat bẹ̀rẹ̀ sí í wá kí Ruqoyah láti Agílíntì, kó lè kọ́ èdè Jàpáànù. Ọmọ náà ní ìwé àkọsílẹ̀ kan tó ń kọ ọ́ sí. Lọ́jọ́ kan ó bèèrè pé, "Aunty, báwo ni wọ́n ṣe ń sọ ọ́ lédè wọn, pé ẹ kú àbọ̀ láti ibi iṣẹ́?"

Ruqoyah sọ ọ́ fún un. Ajarat kọ ọ́ sílẹ̀, ó ń pè é lábẹ́ ẹnu, ó ń rẹ́rìn-ín. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn ni Ruqoyah wá bá mi, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún mi, ó sì ní kí n tẹ̀ lé òun lọ sílé.

Àlàájì Kàmọ́rù wà ní pálọ̀ pẹ̀lú ìyá, wọ́n ń sọ̀rọ̀ nípa Ìmáàmù tí wọ́n máa pè. Ruqoyah kúnlẹ̀, ó sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò fi ọmọ oyìnbó yẹn pamọ́, kò fi ikọ́ pamọ́. Nígbà tó parí, Àlàájì dìde, ó wá bàtà rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó sì lọ.

"Ohùn ta ni mo wá ń gbọ́ láti ọjọ́ yìí?" ìyá bèèrè.

"Ohùn Bọ̀ọ̀dá ni, Mọ́mì."

"Ó ní ara òun le."

"Èmi ni mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n sọ bẹ́ẹ̀."

Ìyá ò pariwo. Ì bá sàn ká ní wọ́n pariwo. "O rí ọmọ mi," ni wọ́n wí. "O fi ojú ẹ rí i. Ó ń wúkọ́, ó ń bèèrè ẹ. O wá bínú sí i fún odidi oṣù kan."

Ruqoyah ṣì wà lórí ìkúnlẹ̀. Mo di apá rẹ̀ mú, mo gbé e dìde.

Ajarat ti lọ́kọ báyìí, ní ọ̀nà Ìkòròdú. Ruqoyah ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan ní Ògùdù, ó gba yàrá kan sí Ọjọ́ta. Ó ti kọ lẹ́tà sí ẹ́ḿbásì, sí ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Nàìjíríà lọ́hùn-ún, sí àwọn mọ́sálásí Ọ̀sákà. Kò sí èsì kankan. Nọ́ńbà Bámi náà ò lọ mọ́. Ìyá kì í bá Ruqoyah sọ̀rọ̀. Bó bá kí wọn, wọ́n á mi orí, wọ́n á máa ṣa àlùbọ́sà tó ti jẹrà kúrò lára èyí tó dára.

Ní Ramadan tó kọjá, orúnkún dun ìyá débi pé wọn ò lè lọ sọ́jà. Ruqoyah ń gbé oúnjẹ ìṣínu wá láti Ọjọ́ta lójoojúmọ́. Ìyá á jẹ ẹ́, wọ́n á yí ojú sí ògiri. Ní ọjọ́ kọkàndínlógún, mo wà níbẹ̀, mo ń bá wọn po àkàmù. Ìyá ya dàbínù kan, wọ́n dì í mú lọ́wọ́, wọn ò jẹ ẹ́.

"Níbẹ̀ yẹn," ni wọ́n wí, wọn ò wo ẹnikẹ́ni nínú wa, "ṣé ó máa ń tutù?"

"Ó máa ń tutù, Mọ́mì," Ruqoyah dáhùn. "Ó máa ń tutù gan-an."

Ìyá mi orí. Wọ́n fi ọwọ́ ti ògiri, wọ́n dìde díẹ̀díẹ̀, wọ́n sì lọ ṣe àlùwàlá.